Àtíbàbà Wa àti Ìjì Gwagwalada

Láyé àwọn bàbá wa, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń bo àtíbàbà. Afẹ́fẹ́ a sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ní 1976 ìjọba dá Abuja sílẹ̀, èrò wọ́ wá sí Gwagwalada, tapólì wá rọ́pò imọ̀ ọ̀pẹ. Àmọ́ tapólì kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Ọyẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ àti ìjì tó ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ a kó sí i lábẹ́, a gbé e tòun ti òpó. Òpó tó bá fò lè pa ọmọ ọlọ́mọ. Torí náà, ẹ gbẹ́ ihò tó orókùn kí ẹ tó ri òpó, ẹ fi òkúta há a, ẹ so okùn mọ́ èèkàn tó dagẹ̀rẹ̀ síta, ẹ sì rẹ apá ìlà-oòrùn sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìjì ti ń wá. Owó okùn kò tó owó ọjà tó bá bàjẹ́.