Ṣé àwòkọ lè sọ èèyàn di ayàwòrán? Ìtàn Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú tó já òyìnbó nírọ́

Bí ọ̀dọ́ kan nílùú Bouaké, ní Côte d'Ivoire, bá fẹ́ ya àwòrán àwọn òṣìṣẹ́, kò ní wá wọn jìnnà. Ní àwọn ọdún 1920 ni ilé iṣẹ́ aṣọ Gonfreville bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílùú náà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì ti jẹun níbẹ̀. Èyí tó ṣòro ni kó rí ẹni tí yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò.

Ọ̀nà kan wà tó ti pẹ́: kó gbé àwòrán tí ọ̀gá kan ti yà síwájú, kó máa wò ó yà títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn.

Àwọn kan máa ń bẹnu àtẹ́ lu èyí pé àwòkọ lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó gba ọ̀nà náà.

Àwọn obìnrin tó ń pèéṣẹ́

Lọ́dún 1857, Jean-François Millet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ya àwọn obìnrin mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú oko, tí wọ́n ń pèéṣẹ́ lẹ́yìn àwọn olùkórè. Ẹni tó bá ti ka ìwé Rúùtù yóò mọ̀ pé iṣẹ́ aláìní ni. Inú àwọn olówó Paris kò dùn sí i rárá.

Lọ́dún 1880, Vincent van Gogh, tó jẹ́ ẹni ọdún 27, bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn òṣìṣẹ́ oko tí Millet yà láti fi kọ́ iṣẹ́. Láàárín ọdún 1889 sí 1890, nígbà tó wà nílé ìwòsàn ní Saint-Rémy, ó tún padà sí wọn, ó sì fi ọ̀dà olóròóró ya nǹkan bí 20. Àwòrán dúdú àti funfun ló ń wò. Òun fúnra rẹ̀ ló wá àwọ̀ tó fi sí i.

Ìwé ló fi ṣe olùkọ́

Wọ́n bí Aina Onabolu nílùú Ìjẹ̀bú Òde lọ́dún 1882. Kò rí olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ ní yíya àwòrán bíi ti òyìnbó. Ohun tó rí ni ìwé àti ìwé ìròyìn tó ń ti òkè òkun wá, àwòrán inú wọn ló sì ń wò yà.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1906, ó ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage nílùú Èkó. Ẹ rántí pé lásìkò yẹn, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé adúláwọ̀ kò lè ya ojú èèyàn kó jọ onítọ̀hún. Àwòrán kan ṣoṣo yẹn tó láti dá wọn lóhùn.

Onabolu lọ kàwé ní St John's Wood School of Art ní London lọ́dún 1920. Nígbà tó padà dé lọ́dún 1922, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwọn ilé ìwé Èkó. Ó máa ń tẹnu mọ́ bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú, débi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ ọ́ ní "Mr Perspective".

Òun náà ló rọ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ kún un, Kenneth Murray sì dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1927. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí. Murray, tó jẹ́ òyìnbó, ló ní kí àwọn ọmọ má wo iṣẹ́ òyìnbó yà mọ́, kí wọ́n ya ìgbé ayé abúlé wọn. Onabolu, tó jẹ́ adúláwọ̀, ló ní kí wọ́n kọ́ òfin iṣẹ́ òyìnbó dáadáa.

Mi ò lè dá Onabolu lẹ́bi. Wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un pé kò lè ṣe é. Nígbà tó wá ṣe é tán, wọ́n ní kò yẹ kó ṣe é.

Akinola Lasekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti òkè òkun ló fi kọ́ṣẹ́. Orúkọ "Lash" ló ń kọ sí abẹ́ àwòrán ẹ̀fẹ̀ tó ń yà fún West African Pilot, ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe. Ìwé ìròyìn yìí gbè lẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ tó yanṣẹ́ lódì lọ́dún 1945, ìjọba amúnisìn sì fòfin dè é fúngbà díẹ̀.

Àwọn tó kọ ọ̀dà òkun sílẹ̀

Ní Côte d'Ivoire, ọ̀nà mìíràn ni àwọn kan gbà. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Abidjan, lára wọn Youssouf Bath àti Théodore Koudougnon, rí i pé ọ̀dà àti kánfáàsì tó ń ti òkè òkun wá wọ́n ju agbára wọn lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo aṣọ tí wọ́n fi èèpo igi ṣe, iyanrìn àti aró tí wọ́n fún lára ewéko. Olùkọ́ wọn, Serge Hélénon láti Martinique, kò dá wọn dúró.

Vohou-Vohou ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní èdè Gouro, ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ ni, bí ẹni ń sọ pé "jákujàku". Àwọn náà gbà á lórúkọ.