ÀKÁ, ÒǸTẸ̀ ÀTI ÌGBẸ́KẸ̀LÉ: ÌTÀN GBÍGBA ÈTÒ SÁFÀ LÁTI ÀKÁ ẸLÒMÍRÀN

Ète pépà yìí ni láti ṣe àgbéyẹ̀wò bí a ṣe ń gba ètò kọ̀ǹpútà láti inú àká tí kì í ṣe ti àwọn tí ó ṣe ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láti Iníṣà dé Òkukù, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, ẹni tí ó bá fẹ́ kó àkọsílẹ̀ ilé-ìkàwé sórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ń dá àwọn yòókù lóhùn, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tí òun yóò gbà gbọ́.

Koha ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ilẹ̀ New Zealand ni wọ́n ti ṣe é fún Horowhenua Library Trust. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2000. Ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé yunifásítì ní Nàìjíríà ni ó ń lò ó. Debian, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní 1993, ní àká tirẹ̀, ṣùgbọ́n Koha kò sí níbẹ̀. Àwọn tí ń ṣe Koha ní àká tiwọn lọ́tọ̀. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yẹ òǹtẹ̀ wọn wò, a ó kọ àdírẹ́sì àká náà sílẹ̀ fún APT, tí í ṣe agbẹ́rù Debian, kí a tó ní kí ó gbé koha-common wá.

Òǹtẹ̀ báyìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àrokò ni ó ń jẹ́rìí sí ìránṣẹ́ látijọ́. APT pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀: Debian 4.0, tí ó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2007, ni ó sọ yíyẹ òǹtẹ̀ wò di ara ètò.

Àwọn kan lè rò pé òǹtẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, Red Hat kéde pé ẹnì kan tí ó fọ́ ilé wọn ti fi òǹtẹ̀ Red Hat gan-an lu ìwọ̀nba ẹrù OpenSSH, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní ọ̀nà tí àwọn fi ń pín ẹrù kò bàjẹ́. Èyí fi hàn pé àrokò lè sọ ibi tí iṣẹ́ ti wá. Kò lè sọ ohun tí ó wà nínú ẹni tí ó rán an.

Ewu kejì tún wà. Kọ́kọ́rọ́ tí a bá fi apt-key gbà wọlé ń jẹ́rìí sí gbogbo àká, títí kan ti Debian fúnra rẹ̀. Àṣẹ Signed-By ni ó wá so kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ àká tirẹ̀. Nígbà tí Debian 13 fi jáde ní 2025, a ti yọ apt-key kúrò. Síbẹ̀, ẹrù tí a ń gbé sórí sáfà ń wọlé pẹ̀lú àṣẹ onílé. Kò sí yàrá tí kò lè dé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ní ìparí, a kò sọ pé kí a kọ àká ẹlòmíràn pátápátá. Ẹni tí ó bá kọ ti Koha yóò máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ètò náà ṣe, àtúnṣe ààbò yóò sì máa pẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé kí àká tí a gbà wọlé má pọ̀, kí kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan mọ ilé rẹ̀, kí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wa sì wà níbòmíràn. Kọ̀ǹpútà lè yẹ òǹtẹ̀ wò fún wa. Àwa ni a ó pinnu ẹni tí òǹtẹ̀ rẹ̀ tó í gbà.