Ọ̀pá, Àjẹ̀ àti Ẹsẹ̀: Ọ̀nà Àtijọ́ sí Etíkun Àgbádárìgì

Tí ọ̀rọ̀ bá kan ìrìnàjò ìsinmi tí kò ba àyíká jẹ́, a máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn òyìnbó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé. Ìtàn ọ̀sà wa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Láti Àjàṣẹ́ dé Àgbádárìgì, láti ibẹ̀ dé Èkó, títí dé Ẹ̀pẹ́ àti Ẹ̀jìnrìn, ọ̀nà omi ló so wọ́n pọ̀. Orí omi yìí ni epo pupa, ẹja gbígbẹ àti iyọ̀ ń gbà lọ sọ́jà. Igi ńlá ni wọ́n ń gbẹ́ ṣe ọkọ̀. Níbi tí omi kò bá ti jìn, atukọ̀ á fi ọ̀pá ti ìsàlẹ̀ omi. Níbi tó bá jìn, á mú àjẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá dára, á ta ìgbòkun. Àwọn apẹja kan ṣì ń fi àpò tí wọ́n rán pọ̀ ṣe ìgbòkun títí dòní. Nígbà tí Clapperton àti Richard Lander gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1825, ọkọ̀ ojú omi, ẹṣin àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn títí wọ́n fi dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa. Irú ọkọ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi kó àwọn ẹrú kọjá ọ̀sà sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn lọ bá ọkọ̀ ńlá lójú òkun. Ọ̀pọ̀ kò padà mọ́. Ọkọ̀ tí kò rú èéfín kò sọ iṣẹ́ ibi di mímọ́.

Nígbà tó yá, ayé yí. Afárá Carter so Èkó mọ́ Ìddó ní 1901, títì márosẹ̀ dé Àgbádárìgì, ẹ́ńjìnnì sì gorí ọkọ̀. Ìrìn yá lóòótọ́, àmọ́ epo ń jò sómi. Ní 1984 ni ewéko olódòdó elésè-àlùkò tó ń léfòó gba ojú omi Àgbádárìgì wọ orílẹ̀-èdè wa. Ó ń bo ojú omi, ó ń lọ́ mọ́ àwọ̀n, ó sì ń dí ọ̀nà ọkọ̀. Apẹja tí kò rí ẹja pa mọ́ ló ń jìyà gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti kàwé jáde, tí ẹ bá ń lọ, ẹ jẹ́ kí á para pọ̀ wọ bọ́ọ̀sì kan dípò mọ́tò mẹ́wàá. Ní etí ọ̀sà, ẹ bèèrè ọkọ̀ alájẹ̀, ẹ wọ ẹ̀wù amúniléfòó, ẹ má sì yọ́wó atukọ̀ kù. Tí ìjì bá ń jà, ẹ dúró. Tí ẹ bá ti gúnlẹ̀ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, ọ̀kadà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà, ariwo rẹ̀ nìkan ni yóò gbọ́. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn yóò gbọ́ òkun kí ó tó rí i, bí àwọn tí wọ́n kó gba ibẹ̀ kọjá ṣe gbọ́ ọ.