Iná Mànàmáná Nínú Orí Ènìyàn

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti oríkì, kì í sì í ṣe ti òwe. Àárín ẹbí wa ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá mi kan dákẹ́. Kì í ṣe pé ó kú o. Ó dákẹ́ ni. Kò jẹun, kò fèsì, bí a bá sì gbé apá rẹ̀ sókè, ibẹ̀ ni apá náà yóò dúró sí bí ẹ̀ka igi. Oògùn oṣù púpọ̀ kò ràn án. Ni àwọn dókítà bá ní kí ẹbí fọwọ́ sí ìwé kí àwọn lè fi iná mànàmáná tọ́jú orí rẹ̀. Níbi ìpàdé ẹbí, bàbá wa àgbà fi ìbínú dìde, wọ́n ní: “Iná NẸ́PÀ? Nínú orí ọmọ wa? Ṣé ẹran tí wọ́n fẹ́ sun ni?” Gbogbo ojú wá kọ sí èmi, nítorí pé èmi ni wọ́n gbà pé ó mọ̀wé, pé kí n lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà wá. Ohun tí mo rí ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Kí á tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya odò. Ẹni tí ó bá ti pẹja rí ní ilẹ̀ wa mọ òjíjí, ẹja tí kò ní ìpẹ́, tí ó ń gbọn apá ẹni jìnnìjìnnì bí a bá fọwọ́ kàn án. Iná mànàmáná gan-an ni ó wà lára rẹ̀. Ní ọdún 1857, George Wilson, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Edinburgh, kọ̀wé lórí irú àwọn ẹja bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ìròyìn tí àwọn míṣọ́nnárì mú wá láti Kàlàbá, pé àwọn ìyá níbẹ̀ a máa gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá sínú omi tí ẹja náà wà. Ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní, oníṣègùn ará Róòmù kan, Scribonius Largus, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí a gbé ẹja oníná inú òkun lé orí ẹni tí orí ń fọ́. Nítorí náà, bí bàbá wa àgbà bá rò pé ọ̀rọ̀ iná àti orí jẹ́ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lánàá, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìtọ́jú tí àwọn dókítà fẹ́ ṣe fún àbúrò bàbá mi kò wá láti inú ẹja o. Inú àṣìṣe ni ó ti wá. Ní Budapest, ìlú ńlá Họ́ńgárì, dókítà kan wà tí ó ń jẹ́ Ladislas Meduna. Ó gbàgbọ́ pé wárápá àti àìsàn orí tí wọ́n ń pè ní schizophrenia kì í gbé inú ara kan náà, pé ọ̀tá ara wọn ni wọ́n. Ó rò ó pé bí òun bá fa gìrì sí ara alárùn orí, gìrì náà yóò lé àrùn yẹn jáde. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1934, ó gún ọkùnrin kan ní abẹ́rẹ́ káńfọ̀ tí a pò mọ́ òróró. (Káńfọ̀ gidi tí ó wá láti ara igi ni mo ń wí, kì í ṣe èyí funfun roboto tí a ń jù sínú àpótí aṣọ.) Ọkùnrin náà ti wà fún ọdún mẹ́rin ní ipò tí àbúrò bàbá mi wà, kò gbé, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn gìrì bí mélòó kan, ó dìde, ó ní kí wọ́n fún òun ní oúnjẹ. Èrò Meduna kò tọ̀nà rárá; àrùn méjèèjì lè wà lára ẹnìkan ṣoṣo, a tilẹ̀ ti wá mọ̀ pé wárápá a máa ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún irú àìsàn orí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ gìrì náà ṣiṣẹ́. Títí di òní, àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ìdí tí ó fi ń ṣiṣẹ́.

Ìṣòro oògùn Meduna àti èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ni pé kí gìrì tó dé, ẹ̀rù tí kò ní orúkọ a máa bo aláìsàn náà. Ẹni tí wọ́n bá ti fún lẹ́ẹ̀kan a máa sá fún èkejì. Èyí ni ó mú kí Ugo Cerletti, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Róòmù, àti Lucio Bini tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, máa wá bí wọn yóò ṣe fi iná fa gìrì. Ajá ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Wọ́n fi okùn iná kan sí ẹnu ajá, wọ́n fi èkejì sí ìdí rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ajá náà sì kú. Bini ni ó rí i pé inú ọkàn ni iná ń gbà kọjá, pé bí a bá fi okùn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ orí, ajá yóò yè.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹran tí bàbá wa àgbà dárúkọ. Wọ́n sọ fún Cerletti pé iná ni wọ́n fi ń pa ẹlẹ́dẹ̀ ní ilé ìpẹran Róòmù. Ó lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Ó bá a pé iná kò pa ẹlẹ́dẹ̀ kankan. Ẹ̀mú irin tí iná rẹ̀ tó nǹkan bí volt 125 ni àwọn alápatà ń fi mú un ní orí; ẹlẹ́dẹ̀ á ṣubú, gìrì á gbé e, wọ́n á sì yára dúḿbú rẹ̀ kí ó tó jí. Èyí tí wọn kò bá dúḿbú á dìde, á sì sáré padà sí àárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Cerletti kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé iná lè gba orí ènìyàn kọjá kí ó má sì pa á.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1938, àwọn ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan tí ó wá láti Milan, tí ó ń rìn kiri ní ibùdókọ̀ ojú irin Róòmù láìní tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já geere sí ẹnikẹ́ni. Kò ní ará, kò ní ojúlùmọ̀ nítòsí. Òun ni wọ́n lò. Iná àkọ́kọ́ kò tó, gìrì kò mú un, ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Bí àwọn dókítà ti ń jiyàn bóyá kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó là á mọ́lẹ̀ ketekete pé kí wọ́n má ṣe fi èkejì kan òun, pé ikú ni. Cerletti fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Wọ́n tún un ṣe, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gìrì mú un, ó sinmi, ó jí. Wọ́n ń bá ìtọ́jú náà lọ títí ara rẹ̀ fi yá tí ó padà sílé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn náà tún dé bá a lẹ́yìn náà.

Mo ka ibẹ̀ yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó yé gbogbo wọn lẹ́nu ọkùnrin náà ni “ẹ má ṣe é,” òun gan-an ni wọn kò sì gbọ́. Àwa náà ń sọ ọ́ láàárín ara wa pé wèrè kò mọ ohun tí ó ń wí. Ó dára kí a rántí pé lórí irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú yìí ti bẹ̀rẹ̀, àní bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú tí ó dára.

Láàárín ọdún bíi mélòó kan, ó ti tàn dé Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ní ayé ìgbà náà, ojú aláìsàn ni ó ń là sílẹ̀ tí wọ́n ń gbé iná lé e lórí, gìrì náà a sì máa le débi pé egungun ẹ̀yìn ẹlòmíràn a kán. Láti ọdún 1940 ni wọ́n ti ń dán oògùn tí ń dẹ iṣan wò, nígbà tí ó sì yá, abẹ́rẹ́ oorun di ara ìtọ́jú náà. Bí wọ́n bá ṣe é bí ó ti yẹ lónìí, aláìsàn yóò ti sùn, ara rẹ̀ kò ní jà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ni ó lè máa gbọ̀n díẹ̀. Ní ọdún 2005, àjọ ìlera àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa ṣe é láìfi abẹ́rẹ́ oorun àti oògùn ìdẹṣan sí i, àti pé aláìsàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nínú ìwádìí ńlá tí ìwé ìròyìn Lancet gbé jáde ní ọdún 2003, ó hàn pé ó lágbára ju oògùn lọ fún ìbànújẹ́ ọkàn tí ó le gan-an. Ìwádìí kan náà kò fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbé pamọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwádìí ni aráyé rántí. Fíìmù ọdún 1975 nì ni, *One Flew Over the Cuckoo's Nest*, níbi tí iná ti di pàṣán tí wọ́n fi ń na aláìgbọràn.

Báwo ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ilé Yábàá ti wà láti ọdún 1907, Láńtòrò ní Abẹ́òkúta sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1944, ṣùgbọ́n ibi ìpamọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ibi ìwòsàn. Àárò ni nǹkan ti yí padà, ní ọdún 1954, nígbà tí Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, gba àkóso ibẹ̀. Kò dúró kí ilé ìwòsàn parí. Ó bá àwọn baálé abúlé tí ó yí Àárò ká sọ̀rọ̀, àwọn aláìsàn sì ń gbé lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, ẹbí wọn kan wà pẹ̀lú wọn láti dáná. Ní òwúrọ̀ wọn a lọ gba ìtọ́jú, iná mànàmáná sì wà lára rẹ̀. Ní ọ̀sán wọn a bá onílé lọ sí oko. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Ohun tí ó wù mí jù nínú iṣẹ́ Lámbò nìyí: iná náà ń bẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi kàn kò dá wà bí ọkùnrin Milan.

Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Àárò láti ọdún 1957, lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn wa, ó sì kọ̀wé ní ọdún 1960 lórí asofẹ́yẹjẹ, igi tí ń so èso fún ẹyẹ jẹ, tí wọ́n ń fi gbòǹgbò rẹ̀ wo wèrè. Ọmọ ìyá igi ilẹ̀ Íńdíà tí àwọn òyìnbó ti yọ reserpine jáde ní ọdún 1952 ni. Kí inú wa má dùn jù o: Prince náà rí ṣẹkẹṣẹkẹ ní ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn.

Àwọn dókítà tún ní kí á ya àwòrán orí àbúrò bàbá mi. Nínú ẹbí wa, ẹni tí ó gbọ́ èyí rò pé àwòrán náà yóò fi wèrè hàn bí egungun tí ó dá. Hans Berger ní Jena, ilẹ̀ Jámánì, náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ó wà nínú ológun, ó já bọ́ lórí ẹṣin, ó kù díẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ìbọn tẹ̀ ẹ́ pa. Ní ọjọ́ náà gan-an, ara fu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nílé, bàbá wọn sì fi wáyà ránṣẹ́ béèrè àlàáfíà rẹ̀. Berger fi ìyókù ayé rẹ̀ wá agbára tí ó gbé ìròyìn náà. Kò rí i, ṣùgbọ́n ní ọdún 1924 ó rí ìró iná tín-ín-rín tí ọpọlọ ń mú jáde, ó sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1929. Ní oṣù Kẹwàá 1971, ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe ya orí aláìsàn àkọ́kọ́ ní London. Ní ọdún 1976, Eve Johnstone àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ náà wo àwọn 17 tí schizophrenia ti bá jà fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì rí i pé àyè omi inú ọpọlọ wọn tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìròyìn ńlá ni. Ṣùgbọ́n irú àyè bẹ́ẹ̀ wà lórí ẹni tí kò ṣàìsàn, kò sì sí lórí ọ̀pọ̀ tí ó ń ṣàìsàn. Títí di òní, dókítà a máa ya àwòrán láti mọ̀ bóyá kókó tàbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú orí. Kò sí àwòrán tí ó lè dá wèrè mọ̀. Ní ọdún 2009, Craig Bennett ní Amẹ́ríkà gbé òkú ẹja salmon sínú ẹ̀rọ MRI, ó ń fi àwòrán ènìyàn hàn án, ẹ̀rọ sì fi àmì hàn bí ẹni pé òkú ẹja ń ronú! Ó ṣe é láti kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kì í ṣe ìṣirò wọn bí ó ti yẹ.

Iṣẹ́ ń lọ síwájú. Anthony Barker ní Sheffield fi òòfà ru ọpọlọ sókè láti ìta orí ní ọdún 1985, láìfa gìrì rárá, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí irú rẹ̀ fún ìbànújẹ́ ọkàn ní ọdún 2008. Helen Mayberg ní Toronto lo àwòrán láti mọ ibi tí ó yẹ, wọ́n sì ri okùn iná mọ́ inú ọpọlọ àwọn mẹ́fà. Ní ọdún 2005 wọ́n ròyìn pé ara mẹ́rin nínú wọn yá. Ìdánwò tí ó tóbi jù ú lọ kò fi irú àṣeyọrí bẹ́ẹ̀ hàn.

Mo ka gbogbo èyí fún ẹbí, mo sì fi ọ̀rọ̀ òfin kún un, pé títí di oṣù Kìn-ín-ní 2023 tí òfin tuntun dé, òfin tí a ń lò ní Nàìjíríà lórí àwọn aláìsàn ọpọlọ ṣì jẹ́ èyí tí ìjọba òyìnbó dá sílẹ̀. Bàbá wa àgbà béèrè ohun méjì péré: ṣé yóò sùn kí wọ́n tó ṣe é, àti ta ni yóò wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá jí. Mo ní yóò sùn. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni yóò jókòó tì í. Àkọ́bí rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé.

Lẹ́yìn ìgbà kẹta, ó béèrè ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Lẹ́yìn ìkẹfà, ó ń pe ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó ń bá wa ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n àwọn oṣù tí ó ṣáájú àìsàn náà kò sí lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó padà sílé, ó wo yàrá ìyá wọn, ó ní kí ló dé tí Màmá kò jáde wá kí òun. Òun ni ó ṣáájú wa lọ sí etí sàréè nígbà tí a sin wọ́n. Bàbá wa àgbà dì í ní ọwọ́ mú, wọ́n sì tún túfọ̀ náà fún un.