Ọlọ́fà Kan Ṣoṣo

Ìtàn ọdẹ kan ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí.

Wọ́n ní lọ́jọ́ ọdún iṣu titun ní Ilé-Ifẹ̀, ẹyẹ ńlá kan bà sórí òrùlé ààfin. Àwọn ẹlẹ́yẹ ló rán an, nítorí wọn kò pè wọ́n sí ọdún náà. Jìnnìjìnnì bo ìlú. Ọba ránṣẹ́ pe àwọn ọdẹ. Ọ̀kan kó ọfà 20 wá, èkejì 40, ẹ̀kẹta 50. Wọ́n ta títí apó gbẹ, ẹyẹ kò mira. Ó wá ku Ọ̀ṣọ́tọ̀kanṣoṣo, ọlọ́fà kan péré.

Ìyá rẹ̀ ti sáré tọ babaláwo lọ. Wọ́n ní kó fi adìyẹ rúbọ, kó la àyà rẹ̀, kó gbé e sójú ọ̀nà, kó máa wí pé kí àyà ẹyẹ gbà á. Bí ẹyẹ ṣe ṣí àyà láti gba ẹbọ ni ọmọ tafà. Ẹyẹ já lulẹ̀, ìlú hó yèè. Ọdẹ yìí ni a mọ̀ sí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì.

Àwọn ará Kétu tí ogun Dàhòmì kó, tí wọ́n tà ṣáájú òfin 1850 tó dá kíkó ẹrú wọ Bràsíìlì dúró, kò lè gbé ẹrù dání. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n gbé lọ. Wọ́n kó ara wọn jọ sílé òrìṣà ní Bahia, wọn kò sì gbàgbé. Títí dòní, Oxóssi ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ọba Kétu sì ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ní Kúbà, Ochosi ni. Pierre Verger, ará Faransé tí ó dé Bahia ní 1946, tí Ifá sọ ní Fátúmbí, kọ ìtàn náà sínú ìwé.

Ọlọ́fà ni gbogbo ènìyàn ń yìn. Èmi, ìyá rẹ̀ ni mò ń rò. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, owó tí mo mú bọ̀ kò tó oṣù mẹ́ta tó fi tán. Àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ló yá mi ní ìsọ̀, ló dúró fún mi lọ́dọ̀ ọlọ́jà. Ẹni bá rí ṣọ́ọ̀bù mi lónìí lè rò pé ọwọ́ mi nìkan ló tafà.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárín wa, ọfà kan ló mú dání. Ẹ jẹ́ ká san owó ìrànlọ́wọ́ lásìkò, kí tirẹ̀ má bàa tàsé. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o. Àṣẹ.