Bí Ìwúwo Afẹ́fẹ́ Ti Ṣe Di Òǹkà

Ẹni tí ó bá so ẹ̀rọ kékeré MPX4115A, èyí tí í mọ bí afẹ́fẹ́ ti ń tẹ nǹkan tó, mọ́ pátákó kọ̀ǹpútà kékeré Arduino, irú èyí tí ń lo fóltì 5, yóò rí òǹkà kan. Létí òkun, òǹkà náà a máa wà ní àyíká 836. Akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ gan-an ni èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ìtàn rẹ̀ jìn, ó sì yẹ kí àwa olùkọ́ mọ̀ ọ́n, kí a má baà máa kọ́ àwọn ọmọ ní òǹkà tí kò ní ìtumọ̀.

Ní ilẹ̀ Ítálì láyé àtijọ́, àwọn tí ń fi ẹ̀rọ fa omi láti inú kànga rí i pé omi kò jẹ́ gòkè ju bí ẹsẹ̀ bàtà 33 lọ. Àwọn amòye ti ń kọ́ni pé ẹ̀dá kórìíra òfìfo. Ṣùgbọ́n èéṣe tí ìkórìíra náà fi tán ní ẹsẹ̀ bàtà 33? Evangelista Torricelli, ẹni tí ó bá Galileo ṣiṣẹ́ ní òpin ayé rẹ̀, sọ pé afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí wa ni ó ń tẹ omi sókè, àti pé agbára rẹ̀ ní òpin. Mẹ́kúrì wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 13 àti ààbọ̀. Nítorí náà ó ní láti dúró nísàlẹ̀ jìnnà. Ní ọdún 1644, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Michelangelo Ricci nípa ìdánwò náà: nínú ọ̀pá gíláàsì, mẹ́kúrì dúró ní bí sẹ̀ǹtímítà 76.

Ìdánwò tí ó wù wá jùlọ ni ti ilẹ̀ Faransé. Blaise Pascal rò pé bí afẹ́fẹ́ bá ní ìwúwo lóòótọ́, yóò dínkù lórí òkè. Ó bẹ àna rẹ̀, Florin Périer, kí ó gun òkè Puy-de-Dôme. Ní ọjọ́ 19 oṣù Sẹ́ńtẹ́ńbà, 1648, Périer fi ọ̀pá kan sílẹ̀ nínú ọgbà àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn, ó ní kí ọ̀kan nínú wọn máa ṣọ́ ọ títí di alẹ́. Ó sì gbé èkejì gòkè. Ti ìsàlẹ̀ kò mì. Ti òkè fi bí sẹ̀ǹtímítà 8 àti ààbọ̀ wálẹ̀. Ọ̀pá tí a fi sílẹ̀ yìí ni a yìn jùlọ, nítorí láìsí i, ta ni yóò gbà pé kì í ṣe ojú ọjọ́ ni ó yí padà?

Ṣùgbọ́n mẹ́kúrì kò lè bá wáyà sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1856, William Thomson rí i pé bí a bá na wáyà bàbà tàbí ti irin, bí ó ti ń dènà iná mànàmáná a yí padà. Ní 1954, Charles Smith ní ilé iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ti sílíkọ́nì a máa yí padà jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀púpọ̀. Láti inú èyí ni ẹ̀rọ wa ti wá: awọ sílíkọ́nì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, afẹ́fẹ́ ń tẹ ojú rẹ̀, òfìfo tí a sé mọ́ ni ó sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfìfo tí a ní ẹ̀dá kórìíra ti di ìránṣẹ́!

Ìlú Ivrea, ní Ítálì kan náà, ni a ti ṣe Arduino ní 2005. Orúkọ ilé ọtí kan níbẹ̀ ni a fún un, ilé ọtí náà sì gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ọba àtijọ́ kan. Wáyà mẹ́ta péré ni à ń so: ọ̀kan gbé iná lọ, ọ̀kan dá a padà, ẹ̀kẹta mú ìhìn wá. Pátákó náà pín fóltì 5 sí ipele 1024, ó sì sọ ipele tí ìhìn náà wà. Nítorí náà, ìfiwéra ni 836. Bí iná náà bá rẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ àti òṣùwọ̀n a jọ rẹ̀, òǹkà a sì dúró síbẹ̀. Ẹni tí ó bá fún ẹ̀rọ ní iná láti ibòmíràn ti ya àwọn méjèèjì nípá, òǹkà rẹ̀ yóò sì máa purọ́ fún un.

Ipele kan tó bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá mìlímítà mẹ́kúrì. Ohun tí Périer rí lórí òkè nì yóò jẹ́ bí ipele 100 lójú pátákó yìí. Òun náà sì fi ojú lásán ka tirẹ̀ dé bí mìlímítà kan.