Ẹ̀jẹ̀ Tí Ojú Kò Rí: Ìtàn Àyẹ̀wò Ìgbẹ́ Ajá

Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Alajue, nínú ìlú Ẹdẹ tí ìtàn sọ pé Tìmì Àgbàlé ọlọ́fà iná tẹ̀ dó, yóò wo ìgbẹ́ ajá rẹ̀ nígbà tí ara ajá náà kò bá yá. Bí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ pupa, yóò ní ìgbẹ́ ọ̀rìn ni. Bí ó bá dúdú bí ọ̀dà, yóò fura. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ mìíràn wà tí kì í hàn rárá. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n ni mo fẹ́ sọ.

Ní 1864, Izaak van Deen, ará Họ́láǹdì, ṣàlàyé pé oje igi guaiac, igi ilẹ̀ Karibéánì, a máa di aláwọ̀ búlúù bí ẹ̀jẹ̀ bá pàdé rẹ̀ pẹ̀lú èròjà tí ń tú ọ́síjìn sílẹ̀. Ní 1901, Ismar Boas ní Berlin fi irú ọgbọ́n yìí wá ẹ̀jẹ̀ ìkọ̀kọ̀ nínú ìgbẹ́ ènìyàn. Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ènìyàn ni àwọn oníṣègùn ẹran ti yá a lò.

Níbẹ̀ ni wàhálà ti dé. Oje igi kò mọ ẹ̀jẹ̀ ajá yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ màlúù tí ajá jẹ. Ajá tí ń jẹ ìfun àti egungun láti ìsọ̀ alápatà lè sọ bébà di búlúù, kí ara rẹ̀ sì le koko. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí a yọ ẹran kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. (Ta ni yóò sọ fún ajá ìgboro pé kí ó gba ààwẹ̀?) Lójú tèmi, ẹni tí ó ka èsì láìbéèrè ohun tí ajá jẹ kò tíì yẹ ajá náà wò.

Ọ̀ràn ọmọ ajá ni ó ká mi lára jù. Aràn kan wà, Ancylostoma caninum, tí ń fi eyín há mọ́ ìfun, tí ń mu ẹ̀jẹ̀. Ọmọ ajá a sì máa gbà á nínú ọmú ìyá rẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹyin aràn náà tó hàn lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ọmọ ajá lè ti kú kí ó tó dìgbà náà. Ní àkókò yìí gan-an, nígbà tí ó jẹ́ wàrà nìkan ni ó ń mu, kò sí ẹran nínú rẹ̀ tí yóò ṣi bébà lọ́nà. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣí ètè rẹ̀, kí ẹ wo èrìgì: bí ó bá funfun, ẹ má dúró de bébà, ẹ gbé e tọ oníṣègùn ẹran lọ lọ́jọ́ náà.